Ìṣẹ́jú Mélòó fún Dòdò? Ohun tí Aago Ọwọ́ Mi Mọ̀ àti Ohun tí Kò Mọ̀

Ní Sátidé kan, mo ń dín dòdò lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọlé wá bá mi ní kíṣìnnì. Kò na ọwọ́ sí dòdò bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró, ó wo abọ́, ó wá bi mí pé: "Mọ́mì, ìṣẹ́jú mélòó ni mo máa sá kí n tó lè jẹ mẹ́rin?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣeré ni. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò ṣeré rárá. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé èèyàn gbọ́dọ̀ sáré kó tó jẹun. Ó ní, "Ẹ̀yin ni. Ẹ máa ń sọ ọ́ fún Dádì."

Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ra aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn, bí mo bá ti ń ti ìta wọlé ni mo máa ń pariwo pé, "Mo ti lo kálórì 318! Iyán alẹ́ òní ti di tèmi!" Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì ò mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn wa tó ń ṣe ìṣirò.

Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mo ń ṣe. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé gbogbo nọ́ńbà tó bá hàn lójú ẹ̀rọ, ẹnì kan ló jókòó tó kọ bí wọ́n á ṣe ṣírò rẹ̀. Síbẹ̀, n ò bi aago mi léèrè rí pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ìbéèrè dòdò yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni irú aago yìí wà.

Ohun tí aago ń rí

Bí ẹ bá yí aago náà dojú dé nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ máa rí iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa, ohun tó bá sì pupa máa ń gbé iná aláwọ̀ ewé mì. Nígbàkigbà tí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ gba inú iṣan ọwọ́ kọjá, iná tó padà sínú aago á sì dín kù. Láàárín ìlù kan sí èkejì, ẹ̀jẹ̀ á dín kù níbẹ̀, iná tó ń padà á wá pọ̀ sí i. Bí iná yẹn ṣe ń dín tó tún ń pọ̀ ni aago ń kà, tó ń sọ ọ́ di iye ìgbà tí ọkàn lù ní ìṣẹ́jú kan.

Bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ àyà ò lo iná aláwọ̀ ewé rárá. Iná mànàmáná kékeré tí ọkàn fúnra rẹ̀ máa ń tú jáde nígbà tó bá fẹ́ lù ló ń gbọ́, bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn wò ní ọsibítù. Ilé iṣẹ́ Polar ní Finland, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ló gbé èyí tí kò ní wáyà jáde ní 1982. Àwọn eléré ìdárayá ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè mọ bí iṣẹ́ tí ara wọn ń ṣe ṣe le tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: bí iṣẹ́ ṣe le tó ni, kì í ṣe iye oúnjẹ tó tọ́ sí wọn.

Ohun tí aago ń méfò

Níbo wá ni kálórì ti wọlé? Bí iṣan ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó nílò ọ́síjìn. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn, ọkàn ló sì ń ti ẹ̀jẹ̀. Lítà ọ́síjìn kan tí ara bá lò tó nǹkan bíi kálórì 5. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi máa ń fi ìbòjú bo imú àti ẹnu ẹni tó ń sáré, kí wọ́n lè wọn afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú àti èyí tó ń mí síta.

Aago wa ò ní ìbòjú. Ìlù nìkan ló gbọ́. Ó dà bí ẹni tó gbọ́ ìlù òde àríyá láti òpópónà kejì, tó wá ń sọ iye abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n bù níbẹ̀. Ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, torí bí ìlù bá dún gan-an, èèyàn ti pọ̀ nìyẹn. Àmọ́ kò dé ìdí ìkòkò.

Ilé iṣẹ́ aago kì í sábà fi ìṣirò tiwọn han aráyé. Ṣùgbọ́n ní 2005, àwọn olùwádìí kan ní South Africa tẹ ìṣirò kan jáde tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dòní. Èèyàn 115 ni wọ́n fi ṣe é, láti ọmọ ọdún 18 sí 45, gbogbo wọn ló sì máa ń ṣe eré ìdárayá déédéé. Ohun mẹ́rin ni ìṣirò náà ń béèrè: ìlù ọkàn, ìwúwo, ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin ni yín tàbí obìnrin. Mo kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ti sùn.

Mo fi ìsáré tèmi sí i. Ọmọ ọdún 36 ni mí, mo wọn kílò 78, mo sáré fún ìṣẹ́jú 30, ọkàn mi sì ń lù ní ìgbà 140 ní ìṣẹ́jú kan. Ìdáhùn tó fún mi ni kálórì 251. Aago ọwọ́ mi ní tirẹ̀ ti sọ pé 318 fún ìsáré kan náà.

Mo wá ṣe ohun tí gbogbo àwa tá a ń kọ sọ́fítíwíà máa ń ṣe: mo yí nǹkan kan ṣoṣo padà. Mo mú "obìnrin" kúrò, mo fi "ọkùnrin" sí i. Ọkàn kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ìṣẹ́jú 30 kan náà. Ìdáhùn di 401. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé kálórì 150 lé mi lọ́wọ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ìwúwo. Nínú ìṣirò ọkùnrin, bí ìwúwo ṣe ń pọ̀ ni kálórì ń pọ̀. Nínú ti obìnrin, bí ìwúwo ṣe ń pọ̀ ni kálórì ń dín kù. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe àṣìṣe o. Ohun tí àwọn èèyàn 115 yẹn fún wọn ni wọ́n kọ sílẹ̀, ìṣirò wọn sì lè ṣàlàyé ọ̀pọ̀ èèyàn pa pọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n èèyàn kan ṣoṣo ni mí, ọmọ mi ò sì sí nínú wọn rárá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kò sẹ́ni tó fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣirò yẹn.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Bí mo bá dùbúlẹ̀ tí mo ń wo òkè àjà fún ìṣẹ́jú 30, ara mi á ṣì lo nǹkan bíi kálórì 39, torí ọkàn ò sinmi, ọpọlọ ò sinmi. Ìyẹn ti wà nínú iye tí ìṣirò yẹn pè fún ìsáré mi. Èmi ti ń pè é ní èrè.

Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà yẹ oríṣi aago méje wò lára èèyàn 60. Mẹ́fà nínú méje ló ka ìlù ọkàn pẹ̀lú àṣìṣe tí kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn dáa gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan kálórì, èyí tó ṣe dáadáa jù nínú wọn fi nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í, èyí tó burú jù sì fi ìdá 93 ṣì í. Lójú aago kan náà, nọ́ńbà méjì tó jọra: èkíní jẹ́ ohun tó rí, èkejì jẹ́ ohun tó méfò. Kò sì sí àmì kankan lójú aago tó máa sọ fún yín pé èwo ni èwo.

Nígbà tí àyà bá já

Ní òru ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Ohun tí mo kọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà ti da iṣẹ́ rú, àwọn oníbàárà ò lè sanwó. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan, n ò sún kúrò lójú kan, àmọ́ nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, ọkàn mi ń lù ní ìgbà 115 ní ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tó yá, mo fi 115 yẹn sínú ìṣirò wa. Ó ní mò ń lo kálórì 5.7 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jókòó tó sì wọn kílò 78 ò lò ju nǹkan bíi 1.3 lọ. Ẹ̀bi ìṣirò kọ́; àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Èdè wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. A máa ń sọ pé àyà mi já, àyà mi ń lù kìkì, ọkàn mi ò balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyẹn tó máa rò pé ẹni náà ń sáré ìdárayá. Ìbẹ̀rù, ooru, kọfí, ibà, àìsùn, gbogbo wọn ló ń mú kí ọkàn yára lù. Aago ò mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkàn náà lẹ mọ̀ ọ́n.

Màmá mi àti òkè tí aago ò rí

Ti màmá mi wá yàtọ̀. Ọmọ ọdún 68 ni wọ́n, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú èyí tí wọ́n ń pè ní beta blocker. A ra aago fún wọn lọ́jọ́ ìbí. Wọ́n gun òkè tó wà nítòsí ilé wọn lọ sókè lọ sísàlẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú 40, òógùn bò wọ́n. Aago ní ọkàn wọn ò kọjá 92, kálórì tó sì fún wọn kéré débi pé wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yìí ní mi ò ṣe nǹkan kan. Kí ni mo wá ń yọ ara mi lẹ́nu sí?"

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn ló là wá lójú. Iṣẹ́ oògùn yẹn ni láti di ọkàn mú kó má sáré jù. Ẹsẹ̀ wọn ṣe iṣẹ́ kíkún, ọkàn wọn sì ṣe é pẹ̀lú ìlù tó dín kù. Torí náà, ìṣirò tó bá gbójú lé ìlù nìkan máa rẹ́ wọn jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣirò tí gbogbo èèyàn mọ̀, pé kí ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220 láti mọ ibi tí ìlù ọkàn yín lè ga dé. Fún màmá mi, ìyẹn jẹ́ 152. Ìṣirò mìíràn tó jáde ní 2001 ní kí ẹ fi 0.7 sọ ọjọ́ orí di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 208. Ìyẹn fún wọn ní 160. Kò sí èyí tó bá ẹni tó ń lo oògùn yẹn mu nínú méjèèjì.

Ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa lò ò ná wa ní kọ́bọ̀: bí ẹ bá ń rìn tí ẹ lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin, iṣẹ́ náà ti tó. Bí ẹ bá ń sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ẹ ní láti dúró mí, ó ti le nìyẹn. Báyìí, màmá mi máa ń pè mí lórí fóònù tí wọ́n bá ń gun òkè. Wọ́n á ní, "Dákẹ́, jẹ́ kí n gbìyànjú orin ná." Tí orin bá jáde, wọ́n á tún yára sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, bí bàbá tàbí ìyá yín bá ń lo oògùn ọkàn tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn kí ẹ tó fi aago bá wọn wí.

Àwọ̀ ara wa ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ òbí ló ti bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè. Ohun tó mú kí ara wa dúdú náà máa ń gbé iná aláwọ̀ ewé mì, torí náà iná tó máa padà sínú aago lè kéré. Ìwádìí Stanford yẹn rí i pé àṣìṣe pọ̀ sí i lára àwọn tí àwọ̀ wọn dúdú. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Duke tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Wọn ò rí ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì láàárín àwọ̀ kan sí òmíràn, àmọ́ wọ́n rí i pé nígbà tí ara bá ń mira, àṣìṣe fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti ìgbà tí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́.

Ohun tí èmi mú nínú rẹ̀ nìyí: kí aago fún mọ́ ọwọ́ dáadáa, kó sì ga ju eegun ọrùn ọwọ́ lọ díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe mí bákan, mo máa ń dúró, mo máa ń fi ìka ka ìlù ọkàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó dájú, kó lo bẹ́líìtì àyà.

Ká fi ìka wa kà á

Ìka yẹn ló wá yanjú ọ̀rọ̀ dòdò nílé wa.

Ní Sọ́ńdè, a máa ń mú ọmọ wa lọ sí junior parkrun, kìlómítà méjì fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́rìnlá. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọjọ́ dòdò, mo fi aago mi sílẹ̀ nílé. Kó tó sáré, mo fi ìka rẹ̀ méjì sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, lábẹ́ àtàǹpàkò, mo ní kó wá ìlù náà. Ó wá a títí, ojú rẹ̀ wá là: "Mọ́mì, ó wà níbẹ̀!"

A kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ní Yorùbá. Mọ́kànlélógún. Lọ́nà mẹ́rin, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó sáré lọ, ó sáré dé, ó ń mí hẹlẹ. A tún kà á: márùndínlógójì. Lọ́nà mẹ́rin, ogóje. Ó ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ogún méje ni, ogún lọ́nà méje. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, a tún kà á: ọgbọ̀n. Lọ́nà mẹ́rin, ọgọ́fà, ogún mẹ́fà. Ó wò mí, ó ní, "Ó ti ń padà wálé."

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé èmi gan-an, inú ìwé ni mo ti kọ́ òǹkà tó ju ogún lọ, nígbà tí mo ti dàgbà. Tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí mo ń kà nílé tó dé àádóje. Àwọn ọmọ mi náà ò rí ìdí tí wọ́n fi máa kọ́ ọ. Ìlù ọkàn wá fún wa ní ìdí, torí láàárín ọgọ́rin sí ọgọ́sàn-án ló ń rìn. Ibi tí òǹkà Yorùbá ti le jù fún ọmọ tá a bí sílùú òyìnbó gan-an nìyẹn.

Lọ́nà ilé ni mo ti bá a sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti sọ. Mo ní oúnjẹ kì í ṣe gbèsè, eré sísá kì í sì í ṣe owó tá a fi ń san án. Mo ní nígbà tó bá ń sùn pàápàá, ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, eegun rẹ̀ ń gùn, ọpọlọ rẹ̀ ń kọ́ ohun tó kà lọ́sàn-án, oúnjẹ ló sì ń bọ́ gbogbo wọn. Mo ní èmi ni mo sọ̀rọ̀ tí kò dáa, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí a yí padà

Mo ṣì ń lo aago mi. Mo yọ kálórì kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aago ló gbà kéèyàn ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá a nínú ètò rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo fi í ṣe. Mò ń wo ìlù ọkàn mi nígbà tí mo bá sinmi, bóyá ó ń dín kù láti oṣù kan sí èkejì. Mò ń wo bó ṣe yá tó kó tó rọlẹ̀ lẹ́yìn ìsáré. Mo sì ń ka ìṣẹ́jú: àgbàlagbà nílò ó kéré tán 150 lọ́sẹ̀ fún ìrìn tó yára tàbí irú rẹ̀, tàbí 75 fún èyí tó le. Fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 18, ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ni ìmọ̀ràn ìjọba níbí, eré bọ́ọ̀lù, ijó àti sísá kiri inú pápá sì wà nínú rẹ̀.

N ò fi aago tó ń ka kálórì sí ọmọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì rí i pé ọmọ yín ń béèrè àṣẹ kó tó jẹun, tó ń fo oúnjẹ, tàbí tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, ẹ má fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì tètè bá dókítà yín sọ̀rọ̀. Kí ẹ tún rántí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń sọ tí ẹ bá ti ìta wọlé. Wọ́n ń gbọ́.

Sátidé tó kọjá, mo tún dín dòdò. Ọmọ mi wọlé, ó na ọwọ́ láìbéèrè, ó mú méjì, ó jó o lọ́wọ́, ó kígbe. Ó wá fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní dòdò gbígbóná ti jẹ́ kí ọkàn òun di ọgọ́rùn-ún, láìsá ìsáré kankan.